Tí Wọ́n Bá Ti Ẹ̀rọ Ìgbafẹ́ Kan Pa, Níbo Ni Ẹrù Inú Rẹ̀ Ń Lọ? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Iṣẹ́ wa ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́, ni kí a máa bá àwọn èèyàn gba ẹrù tí ẹbí wọn fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Láti ọdún 2023 tí fídíò bí wọ́n ṣe ń ti Splash Mountain pa, ìyẹn ẹ̀rọ ìgbafẹ́ Disney kan ní Amẹ́ríkà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń já sínú omi, ti gba orí gbogbo fóònù kan ni ìbéèrè nípa ẹrù ọgbà ìgbafẹ́ kò ti dáwọ́ dúró, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ LAUTECH. Ìdáhùn wa rèé.

Ọgbà ìgbafẹ́ wo lẹ ń sọ gan-an, kí sì ni "ẹrù" inú rẹ̀?

Àwọn ọgbà ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni: Disneyland tó ṣí ní California lọ́dún 1955, Walt Disney World tó ṣí ní Florida lọ́dún 1971 (ilé-iṣẹ́ Disney ló ni méjèèjì), àti Universal Studios tó ṣí ní Florida kan náà lọ́dún 1990. Ẹni tó bá ti bá ilé ìwé rẹ̀ lọ sí Trans Amusement Park ní Ìbàdàn ti mọ díẹ̀ nínú rẹ̀: èèyàn á jókòó, ẹ̀rọ á gbé e yí ká.

Ohun tó mú tiwọn yàtọ̀ ni pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tó ń sọ. Ọkọ̀ á gbé yín wọ ilé òkùnkùn, ẹ ó bá ère tó ń ṣẹ́jú, tó ń kọrin, tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Òkúta tí ẹ rí, fáíbà ni. Igi ibẹ̀, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n kùn ni. Ère wọ̀nyẹn, aṣọ ọrùn wọn, ọkọ̀ tí èèyàn jókòó sí, pátákó ẹnu ọ̀nà, títí kan bájì orúkọ òṣìṣẹ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì, ni à ń pè ní ẹrù níbí.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ti ohun tí èèyàn ṣì ń tò sí pa?

Ẹ̀rọ a máa gbó, ẹni tó ń rọ páàtì rẹ̀ a sì kógbá wọlé. Nígbà mìíràn, fíìmù tuntun ló gba ipò: oṣù kẹwàá 2014 ni wọ́n ti Maelstrom pa ní Epcot, ọ̀kan lára ọgbà inú Walt Disney World, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi tó ń sọ ìtàn ilẹ̀ Norway, kí ẹ̀rọ fíìmù Frozen lè bọ́ síbẹ̀.

Ti Splash Mountain tún yàtọ̀. Inú fíìmù ọdún 1946 kan ni wọ́n ti mú ìtàn rẹ̀, ó sì pẹ́ tí inú ti ń bí àwọn èèyàn sí fíìmù náà nítorí bó ṣe fi ayé àwọn aláwọ̀ dúdú hàn. Wọ́n ti ti Florida pa ní oṣù kìíní 2023, ti California tẹ̀ lé e ní ìparí oṣù karùn-ún. Tiana, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú inú fíìmù mìíràn tó di aya ọmọ ọba, ló ni ibẹ̀ láti 2024.

Ta ló ni ẹrù náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá tì í?

Ilé-iṣẹ́ tó ni ọgbà ni. Kì í ṣe ti ẹni tó gbẹ́ ère, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ tó lo ayé rẹ̀ nídìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti oníbàárà tó sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa tú ìdajì àwọn ìbéèrè tó kù.

Ṣé òótọ́ ni pé ààtàn ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ?

Òótọ́ ni. Àwọn ẹnjiníà ló ń kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n á tú mọ́tò, ẹ̀rọ tó ń fa omi, kọ̀ǹpútà àti wáyà tó ṣì dára, torí ẹ̀rọ mìíràn lè nílò wọn lọ́la. Lẹ́yìn wọn ni àwọn olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé á wá ṣa tiwọn. Disney ti ní ẹ̀ka kan fún iṣẹ́ yìí láti 1970. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ògiri, òkúta fáíbà, pákó, katakata ló ń jẹ ẹ́. Ní tiwa níbí, ẹni tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù ì bá ti dé kí ẹnjiníà tó jí.

Ẹ wo ọkọ̀ abẹ́ omi 20,000 Leagues Under the Sea tó wà ní Magic Kingdom, ọgbà mìíràn nínú Walt Disney World ní Florida. Wọ́n tì í pa lọ́dún 1994. Ọkọ̀ náà tóbi, kò sí yàrá tó gbà wọ́n, wọ́n bá wà lẹ́yìn ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, wọ́n fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ri méjì sínú òkun lẹ́bàá Castaway Cay, erékùṣù Disney ní Bahamas, kí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lè máa lọ wò wọ́n. Ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀: ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ojú irin ló ń gbé wọn, wọn kò rì wọ abẹ́ omi rárá. Ìgbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n tó di ọkọ̀ abẹ́ omi.

Àwọn ère tó ń mira ń kọ́? Ṣebí owó ńlá ni wọ́n fi ṣe wọ́n?

Owó ńlá ni, ìdí nìyẹn tí àwọn ni wọ́n ń tún lò jù. Ní Disneyland, eré kan wà tó ń jẹ́ America Sings, ẹranko ló kún inú rẹ̀ tí wọ́n ń kọrin. Wọ́n tì í pa lọ́dún 1988. Nígbà tí Splash Mountain ṣí níbẹ̀ lọ́dún 1989, èyí tó pọ̀ nínú àwọn ẹranko yẹn ló tún jáde sí gbangba. Nítorí náà, ère tí àwọn èèyàn ń sunkún lé lórí ní California lọ́dún 2023, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kan rí kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Kódà kí America Sings tó dúró, wọ́n ti mú pẹ́pẹ́yẹ ńlá méjì níbẹ̀, wọ́n bó awọ lára wọn, irin inú wọn tó hàn síta sì di róbọ́ọ̀tì tó ń bá àwọn tó tò lórí ìlà Star Tours, ẹ̀rọ mìíràn ní Disneyland, sọ̀rọ̀. Ibi tí ìṣòro àwọn tó ń kó irú nǹkan yìí jọ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé "ère yìí wà ní America Sings", ṣé awọ rẹ̀ ló ń sọ ni, àbí egungun irin inú rẹ̀? Méjèèjì lè ti pínyà tipẹ́.

Wọ́n ní wọ́n máa ń fi nǹkan àtijọ́ pamọ́ sínú ẹ̀rọ tuntun. Ṣé irọ́ ni?

Kì í ṣe irọ́, òun ló tilẹ̀ dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ti Mr. Toad's Wild Ride, ẹ̀rọ tó ń sọ ìtàn Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀pọ̀lọ́, ní Florida pa ní oṣù kẹsàn-án 1998, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ṣe ìwọ́de, wọn ò rí i gbà. Àmọ́ nínú ẹ̀rọ Winnie the Pooh, béárì inú ìtàn àwọn ọmọdé, tó gba ipò rẹ̀, àwòrán kan wà lára ògiri níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀pọ̀lọ́ ti ń na ìwé ilé sí Òwìwí, ọ̀rẹ́ Pooh. Ère Ọ̀pọ̀lọ́ náà tún wà ní itẹ́ òkú àwọn ẹran ọ̀sìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Haunted Mansion, ilé iwin tó wà níbẹ̀. Bákan náà, Universal ti Kongfrontation, ẹ̀rọ tó ń sọ ìtàn King Kong, ìnàkí ńlá inú fíìmù, pa lọ́dún 2002. Ẹni tó bá gun Revenge of the Mummy tó wà níbẹ̀ báyìí, tó sì la ojú rẹ̀, á rí ère ìnàkí oníwúrà láàárín ìṣúra.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká la ọ̀rọ̀ yìí sí méjì. Ọ̀pọ̀lọ́ àti ìnàkí wọ̀nyí, tuntun ni wọ́n ṣe wọ́n láti fi ṣe ìrántí. Ní California, orí àgbọ̀nrín, orí ẹfọ̀n àti orí ẹranko oníwo gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan tó ń kọrin nínú eré Country Bear tí wọ́n tì lọ́dún 2001, àwọn gan-an ni wọ́n gbé kọ́ sínú ẹ̀rọ Pooh tibẹ̀. Ẹ ní láti bojú wẹ̀yìn kí ẹ tó rí wọn. Ẹja ekurá tó so rọ̀ níwájú Jaws, ẹ̀rọ kan ní Universal ní Florida, ojúlówó ni òun náà: wọ́n ti ẹ̀rọ náà pa ní oṣù kìíní 2012, wọ́n gbé ẹja náà lọ sí apá ọgbà tó wà nítòsí. Irú èyí nìkan ni a lè pè ní ẹrù.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba kì í gbà wọ́n ni?

Wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ Dumbo kan, erin tó ń fò, láti Disneyland wà lọ́wọ́ Smithsonian, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Washington. Ní Coney Island, New York, nígbà tí ọgbà Astroland kógbá wọlé lọ́dún 2008, wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti wà níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1960 ta ìlú lọ́rẹ, ó sì padà sí Coney Island lọ́dún 2014.

Kí ló lè mú kí ẹni tí orí rẹ̀ pé ra àga tí wọ́n tú kúrò lára ẹ̀rọ?

Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé àwọn àgbà ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n: ẹ ó bá kẹ̀kẹ́ Raleigh bàbá àgbà níbẹ̀, kò ní táyà, kò ní bíréèkì, ẹ má sì dán an wò láti ra á. Ẹni tí bàbá rẹ̀ gbé jókòó sínú Dumbo ní kékeré, ojú yẹn ló fi ń wo ọkọ̀ náà. Dọ́là ló kàn wà lọ́wọ́ tirẹ̀.

Èló ni wọ́n ń tà wọ́n?

Gbàǹjo tó lókìkí jù ni èyí tí Van Eaton Galleries ṣe ní California lọ́dún 2018 fún ẹrù Disneyland tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Kraft kó jọ. Gbogbo rẹ̀ pa nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là ó lé díẹ̀. Ọkọ̀ Dumbo kan ṣoṣo lọ ní $483,000. Ẹyẹ José, ọ̀kan lára àwọn ère ẹyẹ tó ń kọrin ní Tiki Room, eré kan ní Disneyland, lọ ní $425,500. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn ò tíì ti Dumbo tàbí Tiki Room pa o. Páàtì àtijọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ló di wúrà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn kó sí yín lórí. Ọgbà Geauga Lake ní Ohio kógbá wọlé lọ́dún 2007. Nígbà tí wọ́n ṣe gbàǹjo ẹrù ibẹ̀ lọ́dún 2008, Big Dipper, odindi ẹ̀rọ onípákó tó ń sáré gun òkè sáré sọ̀ kalẹ̀, lọ ní $5,000 péré. Kò sí ẹni tó rí i gbé. Ó dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi wó o lọ́dún 2016. Ohun tó bá lè wọ pálọ̀ ló ń pa owó.

Ẹrù kékeré ni àwa máa ń gba èèyàn níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀: àwòrán ilẹ̀ ọgbà, tàbí ìwé tíkẹ́ẹ̀tì Disneyland tó ní lẹ́tà A dé E, èyí tí wọ́n dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró lọ́dún 1982. Wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde yanturu, torí náà wọn ò wọ́n, wọ́n sì ń wọ inú àpòòwé.

Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ náà ò ta gbogbo rẹ̀, kó fi pawó?

Wọ́n ń ta díẹ̀. Lọ́dún 2000 ni Disney bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù lórí eBay, wọ́n sì ti ta bájì kéékèèké rí tí wọ́n fi ègé ohun èlò àtijọ́ sí nínú. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ eré bá wó lé ọmọ ẹnìkan lórí nílé, ọgbà ni agbẹjọ́rò máa kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́. Ère àtijọ́ kún fún epo háídírọ́líìkì, ọ̀dà àtijọ́ sì lè ní òjé nínú. Owó tí wọ́n máa fi fọ̀ ọ́ lè ju owó tí wọ́n máa tà á lọ. Yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn, wọn kì í fẹ́ kí ọmọdé rí béárì tó mọ̀ dáadáa lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìní awọ, láìní ojú.

Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣáà lè mú nǹkan kékeré lọ ilé fún ìrántí?

Tí wọ́n bá tà á fún un tàbí fi ta á lọ́rẹ pẹ̀lú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Láìsí ìwé, olè ni, ìbáà jẹ́ ìdè kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ Buzzy ni kí ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ère ọmọkùnrin kan ni, nínú eré Cranium Command ní Epcot, tí wọ́n tì lọ́dún 2007. Wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n tì pa náà. Lọ́dún 2018, aṣọ ọrùn rẹ̀ pòórá, ariwo sì gba íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2019, ọlọ́pàá mú ẹnìkan tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ ẹrù tí wọ́n jí ní Disney World.

Ẹ̀gbọ́n, mo rí omi Splash Mountain nínú ìgò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n rà á?

Àbúrò, rárá. Òótọ́ ni pé àwọn èèyàn gbé ìgò omi sórí eBay nígbà tí wọ́n fẹ́ ti Splash Mountain pa ní 2023. Àmọ́ kí ló fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn láàárín omi yẹn àti omi Ọbà? Omi ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú?

Ìwé lẹ́ kọ́kọ́ máa béèrè, kì í ṣe ẹrù. Ìwé tí à ń sọ ni èyí tó fi hàn pé ilé-iṣẹ́ tó ni ọgbà ta ẹrù yẹn, fún ta ni, lọ́jọ́ wo. Lẹ́yìn náà, ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tó tún rà á, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ tà á fún yín. Tí orúkọ kan bá já láàárín, ẹ dúró níbẹ̀. Sẹ̀rítíkéètì aláràbarà tí olùtajà fúnra rẹ̀ tẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Onítẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa lè tẹ̀ ẹ́ fún yín kí ẹ tó mu gààrí tán.

Lẹ́yìn ìwé ni àwòrán. Àwọn tó fẹ́ràn ọgbà wọ̀nyí ti ya ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ ní fọ́tò. Ẹ wá àwòrán ẹrù náà nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ fi wé èyí tó wà níwájú yín: ibi tó ti sán, ibi tí ọ̀dà ti ṣàn kọjá ààyè, ibi tí ìdè ti wọ́. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú á ṣe ojú ère dáadáa, ṣùgbọ́n kì í sábà rántí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ yí i padà. Ojúlówó máa ń ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń kà á, ihò ìdè àtijọ́ tí wọ́n dí, gírísì tó ti gan, àti ọ̀dà tó lé orí ọ̀dà, torí ọdọọdún ni wọ́n ń kùn ún. Tí gbogbo ìdè rẹ̀ bá ń dán, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi wà ní Florida, ó lè bá mi rà á. Báwo ló ṣe máa dé Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹrù kékeré lè bá bàálù wá. Ọkọ̀ tàbí pátákó ńlá, ọkọ̀ ojú omi ni. Bí ẹrù náà ṣe gba àyè tó ni wọ́n máa fi gba owó, kì í ṣe bó ṣe wúwo, torí náà Dumbo oníhò nínú lè gba owó ju ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin lọ. Ẹ jẹ́ kó bá ẹrù ẹlòmíì wọ kọ́ńténà kan náà. Rìsíìtì gbọ́dọ̀ bá a rìn, torí kọ́sítọ́ọ̀mù ní Èkó á béèrè iye tí ẹ rà á. Tí kò bá sí, àwọn fúnra wọn ló máa fojú díwọ̀n rẹ̀, ojú wọn kì í sì í kéré.

Ẹ ní kí wọ́n kan àpótí pákó sí i lára, kí wọ́n fi fóòmù dí gbogbo àlàfo. Kì í ṣe orí òkun ló ń fọ́ ẹrù. Gbígbọ̀n ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan tó láti la fáíbà gbígbẹ sí méjì.

Ère náà ń lo iná. Ṣé iná tiwa lè gbé e?

Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fólítì 120, tiwa jẹ́ 230. Ẹ máa nílò tiransífọ́mà tó ń já iná wálẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ rewáyà kì í rántí ni pé iná wọn ń lù ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń lù ní ìgbà 50, tiransífọ́mà kò sì lè yí ìyẹn padà. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 60 á máa yí lọ́ra, á sì máa gbóná. Ère tó ń lo atẹ́gùn tàbí epo tún nílò kọmpúrẹ́sọ̀ tirẹ̀. Ìmọ̀ràn wa: ẹ fi sí ìjókòó, ẹ tan gílóòbù LED sí i lójú, ó tó.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀ nínú oòrùn àti ọyẹ́ tiwa?

Rọ́bà àti fóòmù ló ń kọ́kọ́ kú. Lásìkò òjò wọ́n á bu, nígbà ọyẹ́ wọ́n á sán, ìgbà tó bá fi máa pé ọdún mélòó kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère á ti máa já bọ́. Yàrá tí oòrùn ò ti ń wọlé tààrà ni kí ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí páànù. Ẹ má fi ọ̀rá wé e, torí ooru á há sínú rẹ̀. Aṣọ òwú ni kí ẹ fi bò ó.

Fáíbà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣòro tirẹ̀ ni oòrùn tó ń pa ọ̀dà. Ẹ má tún un kùn! Ọ̀dà tuntun máa bo gbogbo ẹ̀rí tí mo kà sókè yẹn. Ti pátákó àti igi, ikán ni: ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó má fara kan ògiri, kí ẹ sì máa yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.

Ṣé agbẹ́gilére ní Ọ̀yọ́ lè gbẹ́ irú rẹ̀ fún mi? Ṣé mo sì lè máa tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ tà?

Ọwọ́ tó ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́ á ṣe é débi tí ẹ ò ní gbà pé kì í ṣe òyìnbó ló ṣe é. Tó bá jẹ́ fún pálọ̀ yín, kò sí ẹni tó máa wá bá yín. Kí agbẹ́gilére kọ orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ yín má baà tà á ní ojúlówó lọ́jọ́ iwájú.

Ti aṣọ yàtọ̀. Ẹni tó ra ère kò ra ẹ̀tọ́ àwòrán rẹ̀, kódà tí ojúlówó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ló ṣì ni ẹ̀dá yẹn, agbẹjọ́rò wọn kì í sì í sùn.

Tí mo bá wá rí i lẹ́yìn tí mo sanwó pé ẹrù olè ni ń kọ́?

Ẹ má tà á. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹrù olè ni, tó ṣì gbà á tàbí tó tún un tà, òun náà ti jẹ̀bi lábẹ́ òfin, ní Amẹ́ríkà àti níbí. Bí ẹ kò bá mọ̀ nígbà tí ẹ rà á, wọn lè má fìyà jẹ yín, ṣùgbọ́n ẹrù náà ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, wọ́n lè gbà á padà. Ọwọ́ ẹni tó tà á fún yín ni owó yín wà.

Ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá olùtajà sọ, rìsíìtì báńkì, àti àwòrán ìpolówó rẹ̀ kó tó pa á rẹ́. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì pe ibi tí ẹ gbà sanwó bóyá wọ́n lè dá a padà. Olùtajà á máa bẹ̀ yín pé kí ẹ kàn fi ẹrù náà ránṣẹ́ sí òun, òun á dá owó padà. Ẹ má ṣe é kí ilé-iṣẹ́ tó fèsì: ẹrù yẹn ni ẹ̀rí yín.